Àpótí Wáyà tí Bàbá Mi Fi Ọwọ́ Òsì Yà

Ohùn ẹ̀rọ ìránṣọ màmá mi ni mo fi ń mọ̀ pé ilẹ̀ ti mọ́. Kí ìyá ológì tó dé ẹnu géètì, kí àwọn ará òkè wa tó pa jẹnẹrétọ̀ wọn, ẹ̀rọ yẹn á ti máa dún ní pálọ̀, á sáré díẹ̀, á dúró bí ẹni tó ń ronú, á tún bẹ̀rẹ̀. Bàbá mi á ti wà lẹ́nu ọ̀nà, á máa to irinṣẹ́ sínú àpò, á sì máa fọwọ́ kan ọ̀kọ̀ọ̀kan wọn bí ẹni tó ń ka ọmọ kí wọ́n tó wọ ọkọ̀. Fúláàtì ìsàlẹ̀ là ń gbé, nínú kílóòsì kan, òpópónà kékeré tó ní géètì tirẹ̀, ní Fẹ́sítáàkì nílùú Èkó, ibi tí ọ̀pọ̀lọ́ ti ń ké nínú gọ́tà lẹ́yìn òjò, tí èèyàn sì lè gbọ́ ohun tí aládùúgbò ń dín láìrí i. Iṣẹ́ wáyà ni bàbá mi ń ṣe, àmọ́ kì í ṣe ti gílóòbù inú yàrá. Wáyà ńlá ni tirẹ̀, èyí tó nípọn tó ọrùn ọwọ́ ọmọdé, tó ń gbé iná láti ara tiráńsífọ́mà wọnú ilé. Ó máa ń sọ fún èmi àti Fẹ́mi àbúrò mi nídìí oúnjẹ pé wáyà kékeré dà bí òwú, ibi tó bá wu èèyàn ló lè tẹ̀ ẹ́ sí, ṣùgbọ́n wáyà ńlá lágídí. Tí o bá fi í síbi tó há, kò ní bá ọ jà lójú ẹsẹ̀. Á kàn máa fún ara rẹ̀ mọ́ igun irin, awọ rẹ̀ á máa bó díẹ̀díẹ̀, tó bá wá di ọjọ́ kan, iná á sọ. Bó bá ti ń sọ ọ́ báyìí ni yóò máa tẹ ìgbọ̀nwọ́ rẹ̀ bíi wáyà tó ń wá ibi tí yóò gbà yà, àwa á sì máa rẹ́rìn-ín títí màmá mi á fi ní kí a jẹ́ kí oúnjẹ gba ọ̀nà ọ̀fun lọ dáadáa.

Mo ti dàgbà ju iye ọdún tí màmá mi jẹ́ nígbà náà lọ báyìí. Amúwo-Ọ̀dọ̀fin ni èmi àti ọkọ mi ń gbé, kò jìnnà síbẹ̀ rárá, mo sì máa ń gba iwájú bílọ́ọ̀kì wa àtijọ́ kọjá tí mo bá ń lọ sí ṣọ́ọ̀ṣì. Àwọn kan ti kùn ún lọ́dà, wọ́n ti fi irin dí gbogbo fèrèsé. Síbẹ̀, tí mo bá ti rí ẹnu ọ̀nà yẹn, ọdún kan ṣoṣo ni ọkàn mi máa ń sáré lọ bá nínú gbogbo ọdún tí a lò níbẹ̀, ọdún tí ẹnu bàbá mi wọ́, tí olúkúlùkù sì rò pé ọgbọ́n rẹ̀ ti bá ẹnu náà lọ.

Ògì àti àkàrà là ń jẹ láàárọ̀ ọjọ́ tó ṣẹlẹ̀. Mo ń wo bàbá mi nítorí ó máa ń ṣẹ́ àkàrà kan kù fún mi, mo sì ń retí tèmi. Ṣíbí bọ́ lọ́wọ́ rẹ̀. Ó wò ó nílẹ̀ bí ẹni pé ṣíbí ẹlòmíràn ni. Ó fẹ́ sọ nǹkan kan, ohùn tó jáde kì í ṣe ohùn rẹ̀, ó dà bí ohùn ẹni tó fi aṣọ bonu. Màmá mi kò pariwo. Ó yọ àwọn abẹ́rẹ́ olórí tó fi eyín mú, ó kó wọn sórí ẹ̀rọ, ó ní, "Mosún, lọ kanlẹ̀kùn àwọn tó ní mọ́tò lókè. Sọ fún wọn pé Dádì ò lè gbé ọwọ́." Mo ṣì ń rí àwọn abẹ́rẹ́ yẹn lójú mi títí di òní. Ẹ̀rù tó bà á tó báyẹn, ó sì rántí pé ọmọ kékeré wà nílé tó lè tẹ abẹ́rẹ́ mọ́lẹ̀.

Rọpárọsẹ̀ ni wọ́n pè é ní ọsibítù. Nígbà tí wọ́n dá a padà wálé, apá ọ̀tún rẹ̀ ti rọ, ẹsẹ̀ ọ̀tún ń wọ́ nílẹ̀, ọ̀rọ̀ sì ń ṣòro fún un. Ohun tó yí padà jù lójú tèmi ni bí ilé ṣe dákẹ́. Màmá mi ò lè jókòó ti ẹ̀rọ pẹ́ mọ́, torí pé òun ló ń gbé bàbá mi dìde, tó ń wẹ̀ ẹ́, tó ń fún un lóúnjẹ. Iṣẹ́ tèmi ni kí n yọ́ òrí sínú abọ́, kí n fi pa á lápá láàárọ̀ àti nírọ̀lẹ́, láti èjìká dé orí ìka. Fẹ́mi ló ń gbá ilẹ̀, ló ń pọn omi láti ẹnu ẹ̀rọ ìta, ìdajì omi náà sì máa ń dà sí i lára. Àwọn ará ìjọ wa ń wá, wọ́n ń gbàdúrà, wọ́n ń gbé ìrẹsì wá, mi ò lè gbàgbé oore wọn. Ṣùgbọ́n ọmọdé máa ń kíyè sí nǹkan. Mo rí i pé wọn kì í bá bàbá mi fúnra rẹ̀ sọ̀rọ̀ mọ́. Wọ́n á gba orí rẹ̀ bi màmá mi pé, "Ṣé ó jẹun? Ṣé ó rí oorun sùn?" Bàbá mi á jókòó láàárín wọn, ojú rẹ̀ á mọ́ kedere, á máa wo ẹnu oníkálukú bí ẹni tó dúró sẹ́nu ọ̀nà tí kò sẹ́ni tó ní kó wọlé.

Ìyá Àgbà ló dé lẹ́yìn ìyẹn, ìyá tó bí bàbá mi, láti Ìlá, ìlú wa. Ó gbé irú wá, ó gbé ẹ̀gúsí wá, ó sì gbé ìpinnu wá. "Mo wá mú ọmọ mi lọ sílé ni," bẹ́ẹ̀ ló wí kó tó jókòó rárá. "Èkó ò mọ ẹni tí ara rẹ̀ ò yá. Nílé, bó bá ké, ẹni mẹ́wàá á dá a lóhùn." Màmá mi kúnlẹ̀, ó kí i káàbọ̀, ó ní, "Ẹ jẹ́ ká ṣì máa wò ó ná, Màmá." Ọ̀rọ̀ yẹn di ohun tí wọ́n ń sọ nírọ̀lẹ́ gbogbo bí wọ́n bá ti ń rẹ́ ilá. Wọn kì í jà. Ọ̀kan á ní Ìlá, èkejì á ní kí a máa wò ó ná, ọ̀bẹ á máa lọ, á máa bọ̀ lórí ilá. Ìyá Àgbà kò gbà kí a fi ẹ̀rọ lọ ata. Ó ní ata tí iná lọ̀, ìbínú ni í ní, kì í ládùn. Ó ti wá ọlọ kan rí ní ẹ̀yìn bílọ́ọ̀kì, Ọlọ́run ló mọ ẹni tó ni ín, bẹ́ẹ̀ ni ohùn ọlọ rọ́pò ohùn ẹ̀rọ ìránṣọ nínú ilé wa.

Kí àìsàn náà tó dé, àwọn ará kílóòsì ti gbé iṣẹ́ kan lé bàbá mi lọ́wọ́. Wọ́n ti gbé tiráńsífọ́mà tuntun dé, ó sì kù kí wáyà ńlá gba inú páìpù lábẹ́ ilẹ̀ wá sí ara bílọ́ọ̀kì wa. Ara ògiri níbẹ̀ ni wọ́n á gbé àpótí irin kan kọ́ sí. Inú àpótí yẹn ni wáyà yóò ti yà, kó tó gòkè lọ síbi tí mítà gbogbo fúláàtì wà, inú rẹ̀ náà sì ni òṣìṣẹ́ yóò ti máa fà á. Nígbà tí bàbá mi ò lè dìde, Bọ̀dá Kúnlé ló gba iṣẹ́ náà ṣe. Ọ̀dọ̀ bàbá mi ló ti kọ́ṣẹ́, ó ti gba òmìnira, ó sì ti ń dá dúró, ṣùgbọ́n kò yé pè é ní Ọ̀gá. Èèyàn dáadáa ni. Gbogbo ìgbà tó bá yà sọ́dọ̀ wa ló máa ń ra búrẹ́dì dání.

Ó dé lọ́jọ́ Sátidé kan, ó gbé àpótí irin tuntun lé èjìká. Ọjà Alábà ló ti rà á, wọ́n ti ṣe é tán, wọ́n ti kùn ún. Ó gbé e kalẹ̀ níwájú àga bàbá mi. "Ọ̀gá, ẹ wò ó. Irin rẹ̀ nípọn dáadáa. Kí n gbé e kọ́ lọ́la, ká fa wáyà, káwọn èèyàn yìí jẹ́ ká sinmi." Bàbá mi wò ó fún ìgbà díẹ̀. Ó na ọwọ́ òsì, ó ki ọwọ́ náà bọnú àpótí, ó tẹ ọrùn ọwọ́ rẹ̀, ìka rẹ̀ sì kan ògiri kejì kíá. Ó mi orí. Ó ní, "Ké." Ó gbìyànjú lẹ́ẹ̀kejì. "Kéré."

"Omi lẹ fẹ́ ni, Ọ̀gá?"

Bàbá mi tún mi orí. "Mẹ́fà," ó wí. Itọ́ yọ ní ẹ̀gbẹ́ ẹnu rẹ̀, mo sì nù ún. "Mẹ́fà."

Ìyá Àgbà jáde láti ilé ìdáná, ata wà lọ́wọ́ rẹ̀. Ó dúró, omi sì lé sí i lójú. "Mẹ́fà ni mo bí," ó wí fún wa. "Àwọn àbúrò rẹ̀ ló ń pè. Ṣé ẹ ti rí i? Ọkàn ọmọ mi ti wà nílé, ara rẹ̀ nìkan ló kù síbí." Bọ̀dá Kúnlé sorí kọ́. Bàbá mi di ojú, kì í ṣe bí ẹni tó fẹ́ sùn. Mo ṣì kéré, àmọ́ mo mọ̀ pé ó ti rẹ̀ ẹ́ láti máa pè wá.

Màmá mi ló fi ohun tó ń ṣe sílẹ̀, tó wá kúnlẹ̀ níwájú àga rẹ̀, tí ojú wọn fi ṣe déédéé. Ó béèrè bí èèyàn ṣe ń béèrè nǹkan lọ́wọ́ ẹni tó mọ̀ ọ́n. "Bàbá Mosún, kí ni mẹ́fà?" Bàbá mi lajú. Ó na ìka sí ṣọ́ọ̀kì aláwọ̀ búlúù tí màmá mi fi ń sàmì sí aṣọ, mo sì sáré mú un wá. Wọ́n ràn án lọ́wọ́ kúrò lórí àga, ó jókòó sílẹ̀, ó fẹ̀yìn ti àga náà. Ọwọ́ òsì ló fi yà á. Ilà náà ń gbọ̀n, ó rí wọ́gọwọ̀gọ bí ẹsẹ̀ adìyẹ lórí ẹrẹ̀, ṣùgbọ́n àpótí ni, oníigun mẹ́rin, ó sì ya ihò róbótó sí ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ kan. Lẹ́yìn náà ó fi àtàǹpàkò àti ìka ìlábẹ̀ wọn fífẹ̀ ihò náà, ó sì bẹ̀rẹ̀ sí fi àlàfo ìka méjèèjì rìn nínú àpótí, láti ibi ihò lọ sí ògiri kejì. Màmá mi ń kà á tẹ̀lé e ní jẹ́jẹ́. Nígbà tó kà á dé mẹ́fà, bàbá mi fi ọwọ́ gbá ilẹ̀.

"Ẹnu páìpù, lọ́nà mẹ́fà," màmá mi wí, "kí ó tó kan ògiri kejì. Bó ṣe gbọ́dọ̀ fẹ̀ tó nìyẹn, kí wáyà lè ráyè yà."

"Hẹ̀n," ni bàbá mi wí. Mi ò tíì gbọ́ hẹ̀n tó dùn tó bẹ́ẹ̀ láti ìgbà náà.

Bọ̀dá Kúnlé fọwọ́ họrí. "Ọ̀gá máa ń sọ ọ́ bẹ́ẹ̀ lóòótọ́. Ní ibi tí wáyà bá ti ń lọ tààrà, wọ́n á ní lọ́nà mẹ́jọ, ní ibi tó bá ti ń yà, lọ́nà mẹ́fà. Àmọ́ Mọ́mì Mosún, irú èyí tí mo rà yìí náà làwọn èèyàn ń lò káàkiri. Alága kílóòsì ti ní tó bá kọjá ọ̀sẹ̀ tó ń bọ̀, àwọn á pe ẹlòmíràn." Ó wá rẹ ohùn sílẹ̀, bó tilẹ̀ jẹ́ pé bàbá mi jókòó lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀ tó ń gbọ́. "Àti pé ara Ọ̀gá ò tíì yá. Tí ìṣirò bá ti dàrú mọ́ wọn lọ́wọ́ ńkọ́?"

Ìyá Àgbà tọ́ka sí Bọ̀dá Kúnlé, ó ní, "Ọmọ yẹn ò parọ́."

Màmá mi gbọn ṣọ́ọ̀kì kúrò ní orúnkún. "Mi ò mọ iṣẹ́ wáyà," ó wí. "Mi ò lè sọ fún yín pé ohun tó wí tọ̀nà. Ṣùgbọ́n mo mọ ìgbà tí ọkọ mi bá ń sọ ìsọkúsọ, mo sì mọ ìgbà tó bá ń sọ̀rọ̀. Ọ̀rọ̀ ló ń sọ yìí. Ẹ fún mi di ọjọ́ Ajé, ẹ jẹ́ kí n gé e ní pépà, ká wò ó." Bọ̀dá Kúnlé gbà. Àmọ́ mo rí màmá mi nígbà tó wọ yàrá lọ. Ó jókòó sétí bẹ́ẹ̀dì, ó fi ọwọ́ méjèèjì bo ojú. Bí ìṣirò yẹn bá lọ já sí asán, iṣẹ́ ti bọ́ nìyẹn, kò sì ní sí ohun tí yóò lè wí mọ́ tí Ìyá Àgbà bá tún ní Ìlá.

Nígbà tí a ti ṣọ́ọ̀ṣì dé lọ́jọ́ Ìsinmi, a kó àga kúrò ní pálọ̀. Màmá mi tẹ́ pépà aláwọ̀ ilẹ̀ tó fi ń gé bátànì aṣọ. Bàbá mi jókòó sílẹ̀ lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀ bíi ti àná. Páìpù tó tóbi jù jẹ́ ínṣì mẹ́rin lẹ́nu; ọ̀nà mẹ́fà rẹ̀ jẹ́ ínṣì mẹ́rìnlélógún. Màmá mi fi téèpù ìránṣọ wọ̀n ọ́n, ó gé e. Ó gbé agolo mílíìkì sí ẹ̀gbẹ́ kan láti dúró fún páìpù ńlá, ó sì gbé agolo tòmátò kéékèèké méjì tì í, torí pé páìpù méjì mìíràn, onínṣì méjì-méjì, yóò gba ara ògiri kan náà wọlé pẹ̀lú ńlá yẹn. Fẹ́mi lọ mú ègé wáyà wá láti inú àpò bàbá mi, ọ̀kan nínípọn, méjì tó tẹ́ẹ́rẹ́ díẹ̀. Màmá mi tẹ èyí tó nípọn láti ẹnu agolo ńlá. Ó yà dáadáa. A rẹ́rìn-ín músẹ́. Ó mú àwọn méjì yòókù. Kò sáyè fún wọn. Wọ́n gun ara wọn, wọ́n gun èyí tó nípọn lórí, wọ́n sì tì í mọ́ etí pépà.

Màmá mi fi ìdí lélẹ̀. Kò wo ojú ẹnikẹ́ni. Ìyá Àgbà tó jókòó lórí àpótí ìjókòó lẹ́nu ọ̀nà ilé ìdáná ti rí i pẹ̀lú. Ọ̀rọ̀ tí Bọ̀dá Kúnlé sọ lánàá wá dúró sí àárín pálọ̀ bí àlejò tí kò sẹ́ni tó fún lága. Títí di òní ni mo ń rò ó pé màmá mi ì bá ti rọra fi pépà kún un fúnra rẹ̀, kó má sọ fún ẹnikẹ́ni. Obìnrin mìíràn ì bá ṣe bẹ́ẹ̀ nítorí ìfẹ́, kò sì ní burú. Ṣùgbọ́n bí ó ṣe máa ń bá bàbá mi sọ̀rọ̀ kó tó di pé ó ṣàìsàn náà ló ṣe bá a sọ̀rọ̀. Ó ní, "Bàbá Mosún, èyí tí o ṣe yìí dà bí ẹni tó wọn ọrùn, tó gbàgbé pé orí ló máa kọ́kọ́ gbabẹ̀ wọ aṣọ. Àwọn méjì yòókù ńkọ́?"

Bàbá mi wo pépà. Ó wò ó pẹ́ títí. Omi yọ lójú rẹ̀, mo rò pé ó ti parí nìyẹn. Àfi bí èjìká rẹ̀ ṣe bẹ̀rẹ̀ sí í mì, mo rí i pé ẹ̀rín ni, ẹ̀rín tó gba ẹ̀gbẹ́ ẹnu kan ṣoṣo jáde. Ó na ìka méjì sókè, ó ká wọn, ó tún na méjì. "Fi kún un," ó wí. Ọ̀rọ̀ náà fà, àmọ́ gbogbo wa gbọ́ ọ. Lẹ́yìn náà ló ní, "Mo gbà… mo gbàgbé."

Láti ìgbà tí ṣíbí ti bọ́ lọ́wọ́ rẹ̀, òun ni ohun tó gùn jù tó tíì sọ. Màmá mi ní, "O gbàgbé lóòótọ́," ó sì ń rẹ́rìn-ín, ó ń fi etí ìró nu ojú. Ìyá Àgbà dìde. Ó ní, "Ẹni tó mọ̀ pé òun gbàgbé, kò tíì sọnù." Ó wọ ilé ìdáná lọ, a sì ń gbọ́ ohùn ọlọ, bẹ́ẹ̀ a ti jẹun ọ̀sán tán, kò sí ata kankan tí a fẹ́ lọ̀. Méjì àti méjì lórí mẹ́rìnlélógún, ínṣì méjìdínlọ́gbọ̀n. Màmá mi gé pépà mìíràn. Lọ́tẹ̀ yìí, wáyà mẹ́tẹ̀ẹ̀ta yà láìfọwọ́ kan ara wọn.

Bọ̀dá Kúnlé dé lọ́jọ́ Ajé gẹ́gẹ́ bí àdéhùn. Màmá mi ò bá a jiyàn. Ó ní kó fúnra rẹ̀ tẹ wáyà sínú àpótí Alábà, kó sì tẹ̀ ẹ́ lórí pépà. Ó tẹ̀ ẹ́ nínú àpótí, orúnkún rẹ̀ méjèèjì wà nílẹ̀, òógùn bò ó, wáyà náà sì fi ara ha etí irin títí awọ rẹ̀ fi bó fẹ́lẹ́fẹ́lẹ́. Ó fọwọ́ kan ibi tó bó náà. "Ó há," ó wí. "Mo rò pé bí mo bá fi agbára sí i ni." Ó yíjú sí bàbá mi. "Ọ̀gá, màá dá a padà. Ta ló máa ṣe tuntun fún wa?" Bàbá mi na ọwọ́ sí ọ̀nà ọjà Trade Fair, ó ní, "Wẹ́dà." Ajórin tí òun àti Bọ̀dá Kúnlé jọ mọ̀ níbẹ̀ ló ń wí. Màmá mi ká pépà náà bí ìgbà tí èèyàn bá ká aṣọ oníbàárà, ó fi há abíyá, òun àti Bọ̀dá Kúnlé sì lọ. Ó sọ fún wa nígbà tó dé pé wẹ́dà náà tẹ́ pépà sórí irin, ó wò ó, ó béèrè bóyá ìrẹsì làwọn fẹ́ máa kó pa mọ́ sínú rẹ̀.

Òun nìkan kọ́ ló bú àpótí náà. Nígbà tí kẹ̀kẹ́ gbé e dé, gbogbo ọmọ kílóòsì yọ wá wò ó. Ìyá kan ní òkè ní ó ti bo ibi tí òun ń to òdòdó sí. Alága kílóòsì wá fúnra rẹ̀, bàbá kan tó máa ń dé fìlà kódà bó bá jókòó sílé ara rẹ̀. Ó bi màmá mi pé, "Ìyá Mosún, kí ló dé tí nǹkan yìí fi tóbi tó báyìí?" Màmá mi kúnlẹ̀ díẹ̀, ó ní, "Ẹ bi í, sà. Ó wà níbí." Alága wo màmá mi, ó wo bàbá mi lórí àga. Ó ṣí fìlà, ó lóṣòó níwájú rẹ̀. "Ẹ kú ara líle o, Bàbá Mosún. Kí ló dé tó fi tóbi?" Bàbá mi bẹ̀rẹ̀ sí í dáhùn. Ọ̀rọ̀ kọ̀, ó padà, ó tún kọ̀. Alága kò wo ibòmíràn, kò sì bá a fà á yọ lẹ́nu. Ó dúró dè é. "Wáyà… fẹ́ àyè," bàbá mi wí nígbẹ̀yìn. "Tí a bá fún un, iná ò ní… ò ní sọ." Alága ní, "Ó yé mi," ó sì dìde. Láti ọjọ́ yẹn ni àwọn èèyàn ti ń bi bàbá mi fúnra rẹ̀ bóyá ó jẹun. Wọ́n kàn ní láti dúró díẹ̀ ni.

Ọjọ́ Sátidé tó tẹ̀ lé e la fa wáyà. Wọ́n gbé àga bàbá mi sẹ́gbẹ̀ẹ́ àpótí, Bọ̀dá Kúnlé wà níwájú rẹ̀, àwọn ọkùnrin bílọ́ọ̀kì di okùn mú lókè, wọ́n ti fi ọṣẹ pa wáyà lára kó lè yọ̀. Bàbá mi gbé àtẹ́lẹwọ́ òsì lé wáyà bó ṣe ń yọ láti inú páìpù. Bó bá ti ń há, á tẹ ẹsẹ̀ mọ́lẹ̀, Bọ̀dá Kúnlé á sì pariwo pé kí wọ́n dá ọwọ́ dúró. Ìyá Àgbà dúró lẹ́yìn ọmọ rẹ̀, ó ń sọ fún àwọn ọkùnrin pé ohun tí a bá fẹ̀sọ̀ mú kì í bàjẹ́, ohun tí a bá fagbára mú ní í le koko. Mo gbọ́ òwe yẹn títí ó fi sú mi. Ṣùgbọ́n mo rí i nígbà tí wáyà ńlá náà wọnú àpótí, tó rọra yíjú, tó yà, tó gòkè lọ láìfi ara kan irin. Àwọn méjì yòókù tẹ̀ lé e. Bàbá mi yọ ọwọ́, ó fi gbá Bọ̀dá Kúnlé lẹ́yìn lẹ́ẹ̀kan, gẹ́gẹ́ bó ṣe máa ń ṣe nígbà tó ṣì ń kọ́ṣẹ́ lọ́dọ̀ rẹ̀. Bọ̀dá Kúnlé kò yíjú. Ó fi apá aṣọ nu imú.

Bàbá mi pẹ́ láyé dáadáa lẹ́yìn náà. Kò fa wáyà fúnra rẹ̀ mọ́, ọwọ́ ọ̀tún yẹn kò padà bọ̀ sípò, àmọ́ àwọn oníṣẹ́ wáyà láti Amúwo, láti Abúlé Adó, máa ń wá jókòó tì í, á bá wọn ṣírò àpótí, màmá mi á sì gé bátànì. Tí ẹ bá wọ pálọ̀ wa, ẹ lè rí bùbá lẹ́gbẹ̀ẹ́ kan, àpótí wáyà lẹ́gbẹ̀ẹ́ kejì, gbogbo rẹ̀ ní pépà. Ẹ̀rọ ìránṣọ tún bẹ̀rẹ̀ sí í jí wa. Ìgbà mìíràn wà tí wọ́n á jọ máa jiyàn lórí ínṣì kan títí oúnjẹ á fi jóná, mo sì rò nígbà náà pé bẹ́ẹ̀ ni gbogbo tọkọtaya ṣe ń ṣe. Ó di ìgbà tí èmi náà wọlé ọkọ kí n tó mọ̀ pé kì í ṣe gbogbo wọn.

Lẹ́yìn ọjọ́ tí a fa wáyà yẹn, Ìyá Àgbà ò pẹ́ mọ́ lọ́dọ̀ wa. Nírọ̀lẹ́ ọjọ́ kan, bí wọ́n ti ń rẹ́ ilá, ó sọ fún màmá mi pé, "Ìyàwó mi, n ò ní mú un lọ mọ́. Mo rò pé kò sẹ́ni tó ń gbọ́ ohùn rẹ̀ níbí ni. Ìdí tí mo fi ń pariwo Ìlá nìyẹn." Màmá mi gbé ọ̀bẹ kalẹ̀. Ó fẹ́ sọ̀rọ̀, Ìyá Àgbà ní kó máa rẹ́ ilá rẹ̀.

Láàárọ̀ ọjọ́ tó ń lọ, Bọ̀dá Kúnlé ló wá gbé ẹrù rẹ̀. A dágbére fún ara wa nínú ilé, bó ṣe yẹ, nítorí bàbá mi kò tíì fẹsẹ̀ ara rẹ̀ jáde kọjá ẹnu ọ̀nà láti ọjọ́ àìsàn náà. Ìyá Àgbà gbàdúrà lé e lórí, ó jáde. Bàbá mi bá fi ọwọ́ òsì ti ara rẹ̀ sókè lórí àga. Màmá mi sáré lọ dì í mú. Ó ní, "Fi mí sílẹ̀." Màmá mi fi í sílẹ̀, ṣùgbọ́n ó na ọwọ́ méjèèjì lẹ́yìn rẹ̀, kò fi kàn án. Bàbá mi jáde síta. Ẹsẹ̀ ọ̀tún ń wọ́ lórí kọnkéré, a ń gbọ́ ọ, gbogbo kílóòsì ń gbọ́ ọ. Ìyá Àgbà ti wà níwájú pẹ̀lú Bọ̀dá Kúnlé, ó dájú pé òun náà gbọ́. Kò wẹ̀yìn. Ó yà sọ́dọ̀ ìyá ológì, ó bi í léèrè àwọn ọmọ rẹ̀ lọ́kọ̀ọ̀kan. Ó kí ọkùnrin tó ń fọ mọ́tò. Ó kí ọmọ iléèwé kan tí kò mọ̀ rí, ó ní báwo ni ìyá rẹ̀ ṣe wà. Bó ṣe dúró kí gbogbo ẹni tó wà lójú ọ̀nà nìyẹn, títí ọmọ rẹ̀ fi bá a ní géètì.